Mọ́tò tí Mágínẹ́tì Kò Mú

Kí àwọn tó ń ra àlòkù irin tó dé lọ́sàn-án Sátidé yẹn, Nafisah ránṣẹ́ pe Suleiman, pánẹ́bítà láti Ìkàrẹ́, kó wá wo mọ́tò búlúù kékeré tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ọ̀kà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe Nafisah ní ọmọ onírọ́, nítorí bàbá rẹ̀ kì í yé sọ pé òun bá wọn ṣe mọ́tò eré ìje tó ń jẹ́ Alpine ní Faransé, pé ọ̀kan nínú wọn ni búlúù yìí. Bó bá jẹ́ ayédèrú, kí wọ́n gbé e lọ, kí ọ̀rọ̀ náà tán.

Suleiman fi mágínẹ́tì, tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kan ilẹ̀kùn. Ó jábọ́. Ó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tún jábọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ọpọ́n ìfọṣọ oníke ni wọ́n yọ́ ṣe é ni?"

Ó ṣí iwájú. Sípíà táyà nìkan ló wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì!"

Ó ṣí ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì rèé, wọ́n kọ Renault sí i lára.

"Áà! Alpine ni bàbá yín pè é. Ta ló wá ṣe é gan-an?"

Orí Nafisah dàrú. Ó wọlé lọ mú ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ìtìjú kò jẹ́ kó ṣí rí. Ó kà á sókè:

"Ìlú Dieppe, létí òkun. 1955 ni ọ̀gá wa dá Alpine sílẹ̀. Mọ́tò Renault ló ń tà tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì wọn ló sì ń lò. Fáíbà, ike líle tó ní òwú gíláàsì nínú, la fi ń ṣe ara mọ́tò, kó lè fúyẹ́. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà. 1973, Alpine gba ife àgbáyé eré ìje mọ́tò. Èmi ni mo ń ha fáíbà. Eruku rẹ̀ yún mi lápá fún ọdún méje, oṣù méjì."

Suleiman mi orí. "Ṣé kì í ṣe mọ́tò yìí ló wò kọ ọ́?"

Suleiman mú sáńpépà, ó ha ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kó lè rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Láìpẹ́, ó ń họ ìgbọ̀nwọ́.

"Àǹtí, kí ló ń yún mi báyìí?"

Nafisah rántí apá bàbá rẹ̀ tí àmì híhọ kún, àti òrí tó máa ń fi pa á láràárọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò rò pé fáàrí ni.

Ọkọ̀ àwọn onírin fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Sọ fún wọn pé mi ò tà á mọ́," ó ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ó sáré wọlé lọ wá ike òrí náà fún Suleiman.