Ìwé Tí Atẹ̀wé Ò Kà

Bí èèyàn bá fẹ́ rí òmùgọ̀ tó mọṣẹ́, kó wá wo Kò-lábùkù. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ máa ń ṣe àmín sí i.

Atẹ̀wé ni. Ogún ọdún ló ti fi ń tẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó kún fún òórùn íńkì. Bí ìwé bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ iná, á wo etí rẹ̀ méjèèjì, á fi àtàńpàkò ra á bóyá íńkì rẹ̀ máa parẹ́, á wá ní, "Kò lábùkù." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí. Ohun tí ìwé ń sọ ò kàn án. Ṣé ẹni tó ṣe bàtà ló ń bá oníbàtà rìn ni?

Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé láti ọ́fíìsì owó-orí, inú Kò-lábùkù dùn dénú. Òun ló tẹ̀ ẹ́! Ọdún kẹfà rèé tí ọ́fíìsì náà ti ń gbéṣẹ́ fún un. Ó gbé e síná, ó wo etí rẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri kí àwọn oníbàárà lè rí irú iṣẹ́ tóun ń ṣe. Èkejì dé, ó kàn án tì í. Ẹ̀kẹta pupa, pupa yẹn sì dára, torí òun ló po àwọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun jẹ owó-orí ṣọ́ọ̀bù o. Ọ̀la lòun máa san án, ọ̀la ò sì tán nílé Ọlọ́run. Odindi ọdún kan làwọn oníbàárà fi ń ka gbèsè rẹ̀ lára ògiri, wọ́n rò pé ọkàn rẹ̀ ló le.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwé tó ń tẹ ìwé fún kìlọ̀ pé bí ti ọdún tó ń bọ̀ bá tún dọ̀tí báyìí, àwọn ń lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá lọ, ṣọ́ọ̀bù kú nìyẹn. Ẹ̀rù bà á. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù, ó gba báńkì lọ láti yáwó ẹ̀rọ tuntun.

Akọ̀wé báńkì, obìnrin kan tí Kò-lábùkù lè bí lọ́mọ, tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò jẹ báńkì kankan lówó."

"Mo dúpẹ́."

"Àmọ́ ẹ jẹ owó-orí iṣẹ́ yín, ìjọba sì ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sáwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè. Ibẹ̀ la ti ń wo máàkì ẹni tó bá fẹ́ yáwó. Tiyín ti já wálẹ̀ pátápátá, sà."

"Kí ló kan owó-orí nínú owó tí mo fẹ́ yá?"

"Ẹni tí ò san ti ìjọba, báwo la ṣe máa gbà pé ó máa san tiwa?"

Kò-lábùkù dìde. Nígbà tó wà lọ́mọ ilé ìwé, ó kéré tán, wọ́n máa ń fún un ní máàkì díẹ̀ torí pé ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ó kọrí sí ọ́fíìsì owó-orí. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀, nítorí náà wọn ò mọ̀ ọ́n lójú.

"Ṣé ẹ ò rí lẹ́tà wa ni?" ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bi í.

"Mo rí i."

"A kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé ẹni tó bá yọjú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, a ò ní fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbì kankan."

Kò-lábùkù rántí ìlà yẹn. Òun ló fi íńkì kún un kó lè dúdú dáadáa. Ojú tì í débi pé ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n nínú.

"Ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀," ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bẹ́ ẹ bá san án fóṣù mẹ́fà láìpa ọ̀kan jẹ, a máa kọ̀wé sáwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè, máàkì yín á máa gòkè, báńkì á tún yín wò." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ, ó pòṣé. "Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti tán. Atẹ̀wé wa ló ń fi wá ṣeré láti oṣù tó kọjá. A kọ̀wé sí i títí, kì í dáhùn. Irú èèyàn wo nìyẹn?"

"Ọ̀dẹ̀ ni," Kò-lábùkù ní.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ilé kan náà là ń gbé. Ẹ fọkàn balẹ̀, á dé lọ́la."

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ògiri, ó wo ọkọ.

"Èmi rò pé ẹ ti san án lẹ ṣe kàn án síbẹ̀!"

Ó bínú, ó sì tọ́ sí i kó bínú. Síbẹ̀, ó kápá aṣọ sókè, ó ń fi àkísà di róólà mú, ọkọ ń yí ẹ̀rọ, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ títí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ fi jáde. Kò-lábùkù gbé e síná.

"Kò láb..."

"Ẹ kà á," ìyàwó rẹ̀ ní.

Ó jókòó lórí ìdì bébà, ó fi ìka tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti bá ìbéèrè kan tó ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́fà: Kí ló dé tí ẹ kò fi dáhùn ìkìlọ̀ wa? Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èsì, gbogbo rẹ̀ sì gún régé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ àìsàn síbẹ̀. Ó tún ro ti ọjà tí ò yá. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, íńkì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó mú bírò, ó kọ ọ́: "Èmi ni mo tẹ ìkìlọ̀ náà. Mi ò kà á."