Ojú Ìwé Mẹ́jọ fún Èkó

Ọdún kejì tí àwọn ọmọ ogun ti padà bọ̀ láti Kírìjì, tí ọ̀nà Èkó sì ti là, ni ìwé kan dé sí Kúdẹtì. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí àìsàn ní Èkó ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gba iṣẹ́ ìwádìí Hezekiah, tíṣà ìjọ níbẹ̀, wọlé, àwọn yóò kà á níbi ìpàdé ńlá wọn, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn dókítà àti àwọn àlùfáà tó kọ̀wé wá láti ìlú mìíràn, kó di odindi ìwé kan.

Edith, aya Hezekiah, ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ka ìwé náà sókè. Ọkọ rẹ̀ kò lè di tákàdá mú mọ́. Ẹ̀gbà ti mú un lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ tó sì fi kọ́ àwọn ọmọ Kúdẹtì ní ìwé kíkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó gbọ́ ìròyìn náà, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Sòbìà ni ó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kòkòrò tín-ín-rín bí òwú tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń sọ alágbára àgbẹ̀ di ẹni tó ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀. Kí ẹ̀gbà tó dá Hezekiah jókòó, kò sí agboolé tí kò wọ̀, láti Kúdẹtì dé ẹ̀yìn Òkè Màpó. Yóò kí wọn, yóò jókòó tì wọ́n, yóò béèrè irú omi tí wọ́n ń mu àti ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́nu nínú wọn. Ohun tó rí ni pé àwọn tó ń mu omi odò ni sòbìà ń mú. Àwọn tó gbẹ́ kànga sínú agboolé wọn kì í sábà mọ̀ ọ́n lára.

Kì í ṣe ìfẹ́ ìwé nìkan ló gbé e dìde. Rachel, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Edith bí, ni sòbìà yọ sí ní ọrùn ẹsẹ̀. Kòkòrò náà já sínú ẹran, ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, ibà sì gbé ọmọ náà lọ. Láti ìgbà náà ni Edith kò ti pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Rachel mọ́. Tíṣà ni ó ń pè é, bí gbogbo ìjọ ti ń pè é.

Ìwé Èkó kò dá wá. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, Edith sì kà á jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní ojú kan tákàdá ni kí a kọ nǹkan sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun. Kí a fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ létí òsì. Kí àkọlé wà lókè, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìlú rẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí a rí, bí a ṣe rí i, àti ohun tí a rò pé ó fà á. Wọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a pa rẹ́, wọn kò fẹ́ kí tàdáwà kán sí i. Kó má ju ojú ìwé mẹ́jọ lọ. Kí a má dárúkọ aláìsàn kankan. Kí a má fi àdúrà tàbí ìdárò kún un. Èyí tí kò bá tẹ̀lé òfin, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Ìdárò," ni Hezekiah wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Tíṣà."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ojú ìwé méjì gbáko nínú iṣẹ́ náà, ti Rachel ni.

Edith gba iṣẹ́ àdàkọ sọ́wọ́. Ilé àwọn òyìnbó ìjọ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó mọ èdè wọn kọ, lẹ́tà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ó mú pátákó kan tó gún régé, ó fi ẹ̀gún fa ìlà sí etí tákàdá kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣáko wọ àyè tí wọ́n ní kí a fi sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Hezekiah ń gbọ́ bí gègé ṣe ń họ tákàdá. Nígbà tó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ojú ìwé mẹ́wàá ni.

"Yọ agboolé Fàsásì kúrò," ni Hezekiah wí.

Agboolé awunṣọ ni agboolé Fàsásì, ní Bẹyẹrúnkà. Wọ́n ní kànga, síbẹ̀ sòbìà kì í wọ́n láàárín wọn. Hezekiah ti lọ síbẹ̀ léraléra, ó sì ti kọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n kò rójútùú rẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i, Tíṣà."

"Mo rí i, kò yé mi. Ibì kan ṣoṣo ló ta ko ìyókù. Ṣé ohun tí kò yé mi ni kí n gbé síwájú àwọn dókítà?"

Edith kò bá a jiyàn. Ó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé agboolé Fàsásì ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ojú ìwé méjì ni àwọn ní láti yọ, ọkọ rẹ̀ sì ti mọ èyí tí kò ní yọ. Ọkàn tirẹ̀ náà kò fẹ́ kí Rachel kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nira fún un láti yọ ohun tí òun kò fi ojú ara òun rí, ni ó bá dágbére fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó la Ọjà'ba kọjá, ó yí Òkè Màpó ká, ó di Bẹyẹrúnkà.

Ràbíátù, ìyá àgbà agboolé náà, ló bá lẹ́nu ọ̀nà tó ń ran òwú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Káàbọ̀, ìyàwó Tíṣà. Ara Tíṣà ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Ìyá."

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Tíṣà kì í dé ibí kó má jókòó tì mí." Ó gbé ìrànwú sílẹ̀. "Kí ni o bá wá?"

"Kànga yín ni mo fẹ́ rí, Ìyá."

Ẹnu ya Ràbíátù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé.

Kànga náà kò rí bí Edith ti rò. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ara ilẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi máa ń fà sẹ́yìn, ènìyàn ní láti sọ̀kalẹ̀ kó tó lè bù ú. Bí wọ́n ti dúró síbẹ̀ ni Àkíbù, ọmọ ọmọ Ràbíátù, ọkùnrin tó ti ń hun aṣọ fún ara rẹ̀, ń tiro bọ̀ pẹ̀lú igbá. Sòbìà ti lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó tú aṣọ tó fi di egbò, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ omi dé kókósẹ̀. Kò tètè bu omi. Ó dúró síbẹ̀, ó dijú.

"Ó máa ń tù ú," ni Ràbíátù wí. "Iná ló wà nínú egbò yẹn. Omi nìkan ló ń pa á."

Edith bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kànga. Omi náà mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Ó rí nǹkan funfun kan tó ń tú jáde láti ojú egbò náà, bí ẹni kán omi ọ̀gì sínú àwo. Ó tàn kálẹ̀, kò sì hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni Àkíbù bu omi sí igbá, ó gbé e gòkè, ó dà á sínú ìkòkò tí gbogbo ilé ń mu.

Ohun tó wá sí Edith lọ́kàn kì í ṣe agboolé Fàsásì. Ó rí Hezekiah lójú ọkàn rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, tó gbé Rachel kọ́ èjìká ní ìrọ̀lẹ́, tó ń gbé e lọ sí odò Kúdẹtì. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni, ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ọmọ náà á ti máa ké bọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan omi, ẹ̀rín ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, sòbìà bo àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bí kò ṣe bò wọ́n rí. Hezekiah kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀.

"Ìyá," ni Edith wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní egbò sòbìà wọ kànga yìí mọ́."

"Ta ni yóò wá pọnmi? Àwọn tára wọ́n le ti lọ sóko."

"Kí wọ́n fi okùn àti akèrègbè fà á láti òkè. Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má dé inú rẹ̀."

Ràbíátù wò ó títí. Ó rí i pé ojú obìnrin náà ti yí padà. "Mo gbọ́," ni ó wí. "Màá sọ fún wọn tí wọ́n bá dé."

Edith kò mọ bí òun ṣe dé ilé. Hezekiah wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó fi í sí. Ó jókòó tì í, ó sì sọ ohun tó rí, ti àtẹ̀gùn kànga, ti ẹsẹ̀ Àkíbù, ti ohun funfun tó tú sínú omi. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó mọ ọkọ rẹ̀, ó mọ̀ pé yóò fúnra rẹ̀ ro ó dé ìdí ọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe odò," ni Hezekiah wí. "Kì í sì í ṣe kànga. Ẹsẹ̀ tó wọ omi ni." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ẹni tó ti ń wá nǹkan láti ọjọ́ yìí tó wá rí i. Edith ń wò ó. Ó rí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà kú.

"Rachel," ni Hezekiah wí. Ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń gbé e lọ."

"Ẹ kò mọ̀, Tíṣà."

"Mo mọ̀ pé n kò mọ̀. Ìyẹn kò kó ohun tó wọ omi jáde."

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Edith kò fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Hezekiah ní kí ó mú gègé wá. Ó ní kí ó yọ ojú ìwé méjèèjì ti Rachel, kí ó tọ́jú wọn sínú àpótí rẹ̀, kí agboolé Fàsásì sì wá síwájú, lábẹ́ ohun tí a rí. Lẹ́yìn náà ni ó pa ojú dé, ó ń sọ ọ́ fún un ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

"Ọmọbìnrin kan tí sòbìà yọ sí lọ́rùn ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbé lọ sí odò ní ìrọ̀lẹ́, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú. Ọmọ náà kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, sòbìà pọ̀ láàárín àwọn tó ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ju bí ó ti pọ̀ rí lọ."

Gègé Edith dúró. "A lè kọ ọ́ pé wọ́n gbé ọmọ kan lọ sí odò. Ẹni tó gbé e kò kan Èkó."

"Ṣé òfin ní kí a má kọ ọ́?"

"Orúkọ ni òfin kọ̀."

"Kọ bàbá rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Tàdáwà kán sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Níwọ̀n bí Èkó kò ti fẹ́ àbàwọ́n, ó fa ìlà sí tákàdá mìíràn, ó sì tún gbogbo ojú ìwé náà kọ láti òkè, ó tún kọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó parí, ojú ìwé mẹ́jọ géérégé ni. Ó dì í, alárù tó ń gba Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó sì gbé e lọ.

Wọ́n rò pé ó parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Edith bá ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń pọnmi, á dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, á máa wo ọ̀nà odò.

"Tíṣà," ni ó wí lọ́jọ́ kan, "èdè òyìnbó la fi kọ ọ́. Èkó ti fẹ́ gbọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ńkọ́?"

"Mo ti ń rò ó," ni Hezekiah wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó fi ọwọ́ òsì di èjìká Edith mú, wọ́n sì rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé Sàlámì ní ìsàlẹ̀ odò. Àgbẹ̀ ni Sàlámì, ó sì ti jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀ẹ̀rùn burúkú yẹn ni sòbìà mú Èjìdé, ìyàwó rẹ̀, ní orúnkún, orúnkún náà kò sì nà mọ́ títí di òní. Hezekiah kò jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó dúró, ó sọ ohun gbogbo, ti ọmọ rẹ̀ àti ti omi, kò fi ọ̀rọ̀ kan bo èkejì.

Sàlámì gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Èjìdé wí. Ó na ẹsẹ̀ tó le gbagidi náà síwájú lórí ẹní. "Ọmọ yẹn, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbí tí mo bá ń fọ aṣọ. Mo máa ń sọ fún Bàbá Sàídì pé ẹ tún ti gbé e dé."

Hezekiah di apá àga mú, ó jókòó nígbà náà.

Èjìdé fi ọwọ́ kan ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí tí mo pọn láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

Edith kò mọ̀ dájú. Ó sọ fún un pé òun kò mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ti ara egbò bọ́ sínú omi, aṣọ tí wọ́n hun mọ́ra dáadáa lè dá a dúró. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi bo ẹnu ìkòkò mìíràn. Èjìdé bẹ̀rẹ̀ sí da omi lé e lórí, àwọn méjèèjì sì ń wò ó bí ó ti ń jò lọ sísàlẹ̀.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó dé ní àárín òjò. Wọ́n ṣi orúkọ Hezekiah kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé. Sàlámì kò wá sí ilé Tíṣà ní gbogbo ọdún náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó gé igi, ó fi ṣe ọgbà sí ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ó sì ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sóko. Ẹni tó bá ń tiro bọ̀, òun fúnra rẹ̀ á gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, á bá a bu omi, á ní kó má wọ odò. Bí Edith bá kọjá, á kúnlẹ̀ kí i, Sàlámì á sì dáhùn. Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.