Píìnì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ti pé báyìí?"

Bushrah ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀, Saifudeen, ń wo ẹní tó máa ń to irinṣẹ́ lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá Saifudeen bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyàwó, ó ń tún ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ṣe, ó sì ń kùn pé oòrùn ti ń gòkè.

Píjò bàbá Saifudeen tó ti dolóògbé ni ọkọ̀ náà. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ ní àgbàlá wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí Saifudeen tó parí yunifásítì, tó dojú kọ ọ́ bí ẹni tó ń tú àdììtú. Ó yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́, ó gbé èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Ó fi táyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn, ó kun ara rẹ̀ ní pupa. Orí fóònù ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ló fẹ́ fi gbé Bushrah, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti máa bímọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: píìnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Inú ihò tó wà lórí bóòtù tó so táyà mọ́ sítíárìn ni wọ́n ń kì í bọ̀, wọ́n á wá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí nọ́ọ̀tì tó dè é má baà tú bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú, ibi tó bá wu táyà ló ń lọ. Méjì ló tò sórí ẹní. Ó rántí pé òun fi ti ọ̀tún sí i. Ti òsì ńkọ́?

Ẹní ti ṣófo. Ohun tí kò bá sí nílẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ó ti wà ní àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò rántí.

Ó ń rò ó bóyá kí òun tún dùbúlẹ̀ wò ó nígbà tí Mìkáílù télọ̀ ké láti òdìkejì: "Ẹ́ńjíníà, ẹ ò tíì lọ? Àbí kí n bá yín tì í dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Saifudeen ti wẹ̀, ó ti wọ jalábíà funfun. Ó wọ ọkọ̀.

Ìyá àti Bushrah jókòó sẹ́yìn. "Ẹ rọra o," ni Bushrah wí. Bí ìyá ò bá sí nítòsí, "rọra" lásán ni ì bá sọ.

"Bàbá ẹ ì bá rí i," ni ìyá sọ nígbà tí wọ́n jáde nílùú. "Ó ń lọ bí omi."

Saifudeen tẹ́tí sílẹ̀. Ohun kan ń ró lápá òsì: kọ́, kọ́, kọ́. Bó bá dín eré kù, á dákẹ́. Bó bá tún sáré, á padà. Tírélà kan ń bọ̀ láti iwájú, ó ń sá fún kòtò, ó ya wá sápá tiwọn. Saifudeen yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ rò ó ná, kó tó yí. Afẹ́fẹ́ tírélà gbá gíláàsì wọn.

"Saifu, kí ló dé?" Bushrah gbàgbé pé ìyá wà níbẹ̀. "O ò mí."

"Mi ò mọ̀ bóyá mo fi píìnì kan sí i."

"Píìnì kí ni?"

"Èyí tó so táyà mọ́ ọwọ́ mi."

"Dúró."

Ó rọra yà sábẹ́ igi káṣú kan. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ tòun ti funfun rẹ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn táyà òsì. Ihò náà ṣófo. Nọ́ọ̀tì ti tú dé ẹnu bóòtù. Ìka lásán ló fi yí i.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí. "Mo sì ti ń fi yín sáré bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Bóyá ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, la ti lè rí irú ẹ̀ rà."

"Báwo ló ṣe rí?" ni ìyá béèrè.

"Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, Màámi. Ó ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì."

Ìyá bojú wolẹ̀. Saifudeen yí orí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ Bushrah ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, nǹkan kan sì ń dán níbẹ̀. Wọ́n ti kì í gba inú aṣọ kọjá, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síhìn-ín sọ́hùn-ún, gẹ́lẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ì bá ti tẹ̀ ẹ́.

"Mi ò rí abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fi há a láṣọ," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Irin yẹn ni mo rí lórí ẹní. Aboyún kì í rin oòrùn ọ̀sán lófìfo."

Oòrùn wà lókè ganrangan, ó ń gba àárín ewé káṣú kọjá. Bushrah fọwọ́ lé ikùn, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Kò mira.

Ìyá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ta á bo ikùn náà, ó sì dì í mú níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Tú u," ló wí.