Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tó Ní Ìrù

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gbẹ́ni Sithole kọ́kọ́ dún nísàlẹ̀, Ògúnjìmí fò dìde bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí ihò rẹ̀. Sithole ni alámòójútó ilé tí wọ́n ń gbé ní Berea, nílùú Joburg. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀ tó ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Bó bá mì í lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará Pretoria á rò pé ilẹ̀kùn àwọn ló ń ṣí. Ọdún 2015 ni, ọdún tí iná ń lọ ṣáá bí ẹni tó ní àlè sí ìlú kejì. Iná ti lọ láàárọ̀ Sátidé náà, lífìtì ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ni Sithole fi ń bọ̀ wá sí àjà kẹrin.

"Ayọ̀kúnmi! Ó ti ń bọ̀ o! Gọ́mìnà dà?" Ògúnjìmí ké sí ọmọ rẹ̀.

Gọ́mìnà ni ológbò wọn. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ń jẹ, ó ń sùn, kì í sì í dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé àdéhùn ilé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹran ọ̀sìn kankan ò gbọdọ̀ wọlé. Bí Sithole bá bá a níbẹ̀, kó tó di ọjọ́ méje, yálà kí ológbò lọ, tàbí kí gbogbo wọn lọ. Ayọ̀kúnmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bí sí Joburg, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá gbogbo ayé lóhùn, ti fi Yorùbá tó já gaara sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀: "Dádì, bí wọ́n bá lé Gọ́mìnà, èmi náà á bá a lọ." Láti ìgbà tí wọ́n ti kó kúrò ní Yeoville, àdúgbò wọn àtijọ́, ológbò yẹn nìkan lọ̀rẹ́ tó ní. Ìṣirò ni Ògúnjìmí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àárín ìgboro, ṣùgbọ́n kò tíì rí ìṣirò tó lè yọ ológbò kúrò lára ọmọ yìí.

Ohun tó sì ń dẹ́rù bà á jù ni bọ́ọ̀lù. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Gọ́mìnà sanra débi pé tó bá dùbúlẹ̀ sójú fèrèsé, ilẹ̀ á ṣú ní Hillbrow, àdúgbò kejì. Kò rí nǹkan ṣe, ló bá ń fa kọ́tìnì ya, ó ń gé ìka ẹsẹ̀ Ògúnjìmí jẹ. Dókítà ẹran ní ọdẹ ṣì wà nínú ológbò tí kì í jáde nílé: ẹ má bu oúnjẹ sábọ́ fún un mọ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún un. Ó ta bọ́ọ̀lù oníke kan fún wọn, tó ní ihò kékeré lára. Wọ́n á da oúnjẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, Gọ́mìnà á máa gbá a kiri, bó bá yí i dáadáa, ẹyọ kan á jábọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ògúnjìmí ní. "Èmi náà, bí mi ò bá yí, ta ló ń ju nǹkan sí mi?"

Bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́. Ikùn Gọ́mìnà wálẹ̀, kọ́tìnì sinmi. Àmọ́ ó ń dún: ṣẹkẹṣẹkẹ, ṣẹkẹṣẹkẹ. Ó sì ti wọ ológbò náà lára débi pé bí wọ́n bá sin ín tán tó gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ, yóò jí dìde wá bèèrè tirẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ dún ní àjà kẹta. Ayọ̀kúnmi gbé Gọ́mìnà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀, Bọ́láwùmí, nọ́ọ̀sì tó ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sì fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ògúnjìmí fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irun ológbò nílẹ̀. Ó wá bọ́ọ̀lù lábẹ́ àga, kò rí i. Ó wá a lábẹ́ tábìlì, kò rí i. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Àyẹ̀wò ni, arákùnrin mi," Sithole wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó wo ẹ̀rọ omi. Ó wo fèrèsé. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ Bíbélì tuntun. Òógùn tó ń bọ́ lára Ògúnjìmí lè fọ aṣọ ìdílé méjì. Sithole pa ìwé dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ṣẹkẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. "Kí lèyí?"

Ahọ́n Ògúnjìmí sáré ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, bàbá. Ohun èlò orin wa. Ti ṣọ́ọ̀ṣì."

"Oníke?"

"Ti òde òní ni."

Sithole gbé e símú. "Ó ń rùn bí ẹja."

"Ṣé ẹja ò sí nínú Bíbélì ni, bàbá? Ẹ rántí Jónà."

Ojú Sithole là. "Eish! Èmi ni mò ń dárí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Gbọ̀n ọ́n kí n gbọ́."

Àwọn àgbà ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í ròde ìbànújẹ́. Bí Ògúnjìmí ṣe gba eléyìí lọ́wọ́ Sithole, ó mọ̀ pé ó ti mú un dé òde náà. Ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ó rọra mì í.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń yin Ọlọ́run nílùú yín nìyẹn? Gbọ̀n ọ́n dáadáa!"

Ó gbọ̀n ọ́n. Nínú yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn: gbì! Ó bú sórin láti bò ó mọ́lẹ̀. Orin náà ò sí nínú ìwé orin kankan, torí ibẹ̀ ló ti ń rọ ọ́:

"Dì í mú o, Ayọ̀kúnmi, dì í mú! Halelúyà, má jẹ̀ẹ́ kó jáde!"

Orin náà wọ Sithole lára. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ halelúyà, ló bá ń gbè é lóhùn tó mi gíláàsì fèrèsé: "Dì í mú o! Dì í mú!" Ó ń pàtẹ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ń jó nídìí rẹ̀. Bí orin ṣe ń gbóná ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń dún ni kọ́bọ́ọ̀dù ń mì.

Ohùn ọmọ ti inú yàrá wá: "Dádì, mi ò lè dì í mú mọ́!"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí gbàù. Gọ́mìnà jáde, kọ́mú Bọ́láwùmí rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Ó rìn gba ààrin àwọn olórin méjèèjì, ó jókòó síwájú bàtà Sithole, ó gbójú sókè wo bọ́ọ̀lù.

Orin kú. Àtàǹpàkò Ògúnjìmí yẹ̀ lórí ihò, ẹyọ kan jábọ́. Gọ́mìnà jẹ ẹ́. Kóró ló ń ró, bí ẹni ń fọ́ òkúta. Ayọ̀kúnmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń dà lójú rẹ̀.

Sithole wo ológbò. Ó wo ọmọ, ó wò ó pẹ́. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó mì í: ṣẹkẹ. Gọ́mìnà yí orí sí i.

"Ogún ọdún ni mo ti ń ṣọ́ ilé yìí," ó wí. "Wọ́n ti purọ́ fún mi nípa ajá, nípa adìẹ, nípa ọkọ. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó ṣí ìwé. Sithole ń kọ, ó sì ń ka ohun tó ń kọ: "Ẹran ọ̀sìn: kò sí. Ohun èlò orin: ọ̀kan. Ó ní ìrù." Ó fa gègé gba orí ọ̀rọ̀ ìrù náà, ó pa á rẹ́. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin tó ń bá onílé gba owó ilé á wá fúnra rẹ̀. Òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín. Shap, ó dàbọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ayọ̀kúnmi nu ojú, ó mú kéréètì ẹyin tó ti ṣófo, ó fi oúnjẹ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ó rún ìwé bò wọ́n. Gọ́mìnà ń fi ọwọ́ tú u, ó ń ṣọdẹ lọ ní tirẹ̀. Ògúnjìmí dojúbolẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn láti ìsàlẹ̀ ayé. Kò dún. Kò dún rárá.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí kanlẹ̀ ni Gọ́mìnà yó. Ó dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hùn bí jẹnẹrétọ̀ ilé ìfowópamọ́.

"Ayọ̀kúnmi," Ògúnjìmí sọ wúyẹ́wúyẹ́, òógùn tún ti bò ó, "ibo ni wọ́n ti ń pa èyí?"