Ìlà Ìkẹyìn Orin Àjàní

Abẹ́rẹ́ àpò wọ Oyèlékè ní àtàǹpàkò, kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí àpò kòkó tó ń rán, ó tàn ká bí epo, síbẹ̀ kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Orin kan ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà Gbossimé, ní ìlú Lomé. Ohùn ọmọbìnrin ló gbé e, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń kọrin:

*Àjàní, ọmọ òkúta tí òjò ń pa tí kì í rà,*
*Ọmọ a-ru-wúwo-má-kérora,*
*Bí ẹrù bá wúwo, ọrùn baba rẹ wúwo jù ú lọ,*
*Orí tí yóò dádé…*

Ibẹ̀ ni ohùn náà dúró. Kì í ṣe pé ẹnìkan pè é. Ó gé níbẹ̀ bí okùn tí a fi ọ̀bẹ gé, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyábọ̀ ló yọ lẹ́yìn ọgbà, ọmọ Àjàní tó ti kú, ẹni tí wọ́n ń gbé fún ọkọ lónìí. Wọ́n ti fi làálì kun ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Jeanne, ìyàwó Oyèlékè, ọmọ Aného tí èdè Mínà kì í jìnnà sí Yorùbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i láti ibi tó ti ń fẹ́ iná.

"Bọ̀ǹjúù, ìyàwó! Ìyàwó wo ló ń fi ẹsẹ̀ làálì tẹ iyanrìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀? Àbí ọkọ ti sá lọ ni?"

Ìyábọ̀ rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. "Kò sá, Màmá. Bàṣírù ti wà ní ibùdó réluwé láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkọ̀ máa fi òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń dáná fún ọkọ̀ náà."

Jeanne rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oyèlékè kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni Ìyábọ̀ wí, "ìyá mi ló rán mi sí yín. Ọkọ̀ Atakpamé yóò gbéra ní aago méjì. Wọ́n ní kí ẹ wá ki baba mi sí mi létí kí n tó jáde nílé. Wọ́n ní ní gbogbo Lomé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ oríkì wọn."

"Orin tí o ń kọ bọ̀ yẹn, ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni. Òun ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sí orin tí mo fẹ́ràn bí i tirẹ̀, Bàbá. Bí mo bá ti ń kọ ọ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo tún wà lẹ́yìn ìyá mi, tí mo fi imú kan ọ̀já, tí òórùn ọṣẹ dúdú ń ta sí mi nímú. Ṣùgbọ́n wọn kì í parí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń gé e sí. Mo ní kí ló kàn, wọ́n ní kí n lọ bi yín."

Oyèlékè wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí àpò. "Máa lọ ilé, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, kò dìde. Ẹni méjì péré ló mọ ibi tí orin yẹn gé sí láyé yìí, òun àti òkú. Aláàárù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n mìíràn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àjàní kú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà Mínà ni wọ́n, àti Kabiyè. Ohùn ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ jíṣẹ́ ikú fún Sàrátù, ìyàwó Àjàní. Gbólóhùn méjì ló sọ: ẹsẹ̀ ló yọ̀, pákó tutù. Báwo wá ni Sàrátù ṣe mọ ibi tí ohùn òun ti gé?

Àwọn Jámánì ló kọ́ wọ́ọ̀fù, afárá irin gígùn tó na ọrùn wọnú òkun Lomé, nítorí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ etíkun. Lẹ́yìn ogun, àwọn Faransé gbà á. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni òun àti Àjàní dé láti ìhà Ṣakí, ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Àjàní ń ru àpò. Oyèlékè kì í rù. Òun ni olórí orin, ó máa ń dúró síbi tí pákó tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ni ọgọ́ta ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé. Ìlà kan wà fún gbígbé ẹrù, ìlà púpọ̀ wà fún rírìn, ìlà kan ṣoṣo ló sì wà fún sísọ̀. Bí olórí orin kò bá tíì kọ ìlà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ẹrù rẹ̀, nítorí ẹni tó bá sọ tirẹ̀ ṣáájú yóò gbá ẹni tó tẹ̀lé e bọ́ sómi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àjàní sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Oyè, jọ̀ọ́, má kì mí lónìí. Ibà ń ṣe mí. Orin lásán ni kí o kọ."

Ó gbọ́ ọ. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí pẹ̀lú. Ọmọ tí a fi oríkì wẹ̀ kì í lè tẹ orí ba bí wọ́n bá ń kì í. Orí náà yóò wú, yóò sì gba ohun tí ọrùn kò lè gbé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ń kánjú, òyìnbó tó ń ṣọ́ wọn sì gbé ìgò wáìnì kan sókè pé tiwọn ni bí iṣẹ́ bá parí kí oòrùn tó dé àtàrí. Kì í ṣe wáìnì nìkan. Ohùn Oyèlékè dùn létí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dùn débi pé ó fẹ́ mọ ibi tó lè gbé ènìyàn dé. Ó ki Àjàní. Àjàní bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ìwò kan péré, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé àpò kejì lé òun. *Orí tí yóò dádé,* ni Oyèlékè ń wí, nígbà tó rí ibi tí Àjàní wà lórí pákó, tí kò rí Àjàní níbẹ̀ mọ́.

Igbe ló ké dípò ìlà tó kàn. Ọkùnrin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dúró, ẹrù lórí, wọ́n ń wo omi. Kò sí ẹni tó sọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó kọ ìlà náà. Òkun kò sì dá Àjàní padà.

"Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ yín o." Jeanne ti dé pẹ̀lú àkísà, ó ń dì í fún un. "Bàbá Célestin, ẹ ò fẹ́ lọ, àbí? Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nílé yín, mi ò gbọ́ kẹ́ ẹ kọrin rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètè yín á máa mì bíi ti ẹja. Mo ti ní bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ ọ. Áò! Ọlọ́run pàápàá ò gbọ́ nǹkan kan."

"Jeanne."

"Ẹ lọ. Ọmọ òkú kì í jáde nílé láìsí ẹni tó máa kì í."

Ó wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó ti ru tirẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún, kò tíì délé. Ó gba ọ̀nà iyanrìn lọ sí apá òkun, ọ̀nà tí kì í gbà bí kò bá di dandan. Bí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ṣe kàn án nímú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìwọ̀n ìgbésẹ̀ àwọn aláàárù, ọ̀kan, dúró, ọ̀kan, dúró. Ó gbìyànjú láti rìn bó ṣe wù ú. Kò ṣeé ṣe. Ó gbàdúrà bí ó ti ń lọ: Olúwa, ìwọ lo dá ẹnu yìí. Ṣí i, tàbí kí o pa á dé pátápátá.

Àgbàlá Sàrátù kún fún obìnrin tó ń pa àtẹ́wọ́. Sàrátù rí i, ó na ọwọ́ sí yàrá, ó sì tẹ̀lé e wọlé. Àpótí ìyàwó wà láàárín ilẹ̀, wọ́n ti dì í tán.

"Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, ìyàwó wa. Ibo lo ti gbọ́ orin yẹn?"

"Lẹ́nu wọ́ọ̀fù." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Mo gbé omi mímu wá fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà. Mo pọn Ìyábọ̀. Ohùn yín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì dúró, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki olówó orí mi. Lẹ́yìn náà ohùn yín gé."

"O ò sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé èmi ló yẹ kí n sọ ọ́?" Ó wò ó tààrà. "Oṣooṣù lẹ ń gbé igi wá fún mi. Igi ìdáná lẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti rí yín lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, yóò sọ ọ́ lónìí. Ẹ ó ju igi sílẹ̀, ẹ ó ní ẹ kú ilé, ẹ ó lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó ń ṣe mí bíi kí n mú ọ̀kan nínú igi náà lé yín dé ẹ̀yìn ìlú."

Oyèlékè di etí àpótí mú. "Ohun tó wà níbẹ̀ ju èyí tí o gbọ́ lọ. Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n má ki òun lọ́jọ́ náà, ibà ń ṣe òun. Mo gbọ́ ọ dáadáa, Sàrátù. Síbẹ̀, mo ki Àjàní."

Lóde, àwọn obìnrin dá orin sílẹ̀, wọ́n gbé òmíràn. Sàrátù jókòó sórí ẹní.

"Mo mọ̀ nípa ibà náà. Ó ní òun kò ní lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kò sí nǹkan nínú ìkòkò. Èmi ni mo ká òṣùká, èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. "Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹ̀dá kan rí."

Kò sí èyí tó wo ojú ẹnìkejì.

"Mi ò pè yín wá torí àforíjì," ni Sàrátù wí níkẹyìn. "Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Mo pè yín torí ọkọ mi ṣì dúró síbẹ̀. Ẹ gbé e rù ú, ẹ ò sọ̀ ọ́. Mo máa ń rí i lórí pákó, àpò méjì lórí, ó ń retí. Ṣé ẹ̀yin kì í rí i?"

"Mo máa ń rí i."

Sàrátù pe Ìyábọ̀ wọlé. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ká òṣùká, ó fi lé orí ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe? Èmi ni ìyàwó, èmi—"

"Dákẹ́, o jàre. Ẹ gbé e rù mí."

Wọ́n gbé e rù ú. Àpótí náà wúwo. Iṣan ọrùn Sàrátù yọ. Ó dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, sí apá ibi tí òkun wà.

Oyèlékè la ẹnu. Ohùn tó jáde há, bí ilẹ̀kùn tí ìpẹta ti mú. *Àjàní, ọmọ òkúta tí òjò ń pa…* Àwọn tó wà lóde dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn náà rí ọ̀nà rẹ̀. Kò dùn bíi tàtijọ́, ó dúpẹ́ pé kò dùn. Ìyábọ̀ ń bá a kọ ọ́ lábẹ́nu, orí rẹ̀ tẹ̀ ba. Wọ́n dé *orí tí yóò dádé.* Ìyábọ̀ gé e, nítorí bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Oyèlékè náà dúró. Ìró omi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fà padà. Lórí ẹsẹ̀ méjèèjì ni Sàrátù ṣì wà, kò mira.

*Orí tí yóò dádé kì í sá fún òṣùká.*
*Àjàní, ọ̀nà tó o rìn ti tó.*
*Ó délé, ẹ sọ̀ ọ́.*
*Ẹ sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́.*

Òun di apá kan mú, Ìyábọ̀ di apá kejì, wọ́n sọ àpótí náà kalẹ̀. Kò dún. Ọrùn Sàrátù ṣì nà fún ìgbà díẹ̀, bíi pé kò tíì gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ṣé bó ṣe parí nìyẹn?" ni Ìyábọ̀ béèrè.

"Bó ṣe parí nìyẹn, ọmọ mi."

"Ó kúrú."

"Ó kúrú," ni Oyèlékè wí.

Réluwé fọn fèrè. Ariwo sọ: ẹ gbé àpótí, ẹ wá gèlè ìyàwó, ta ló gbé bàtà rẹ̀? Àwọn obìnrin rọ́ wọlé, wọ́n rọ́ jáde, wọ́n gbé Ìyábọ̀ lọ láàárín wọn, Sàrátù sì tẹ̀lé wọn láìbojú wẹ̀yìn.

Ó ku Oyèlékè nìkan nínú yàrá. Ó ti rò pé bí òun bá dé ìlà yẹn, òun yóò tún rí pákó tó ṣófo. Ohun mìíràn ló rí: Àjàní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, tó yọ orí lábẹ́ àpò tó kẹ́yìn, tó yí ọrùn sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, tó ń pariwo láti òdìkejì pákó pé, "Oyè, ọrùn mi ti padà di tèmi!" Ojoojúmọ́ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Oyèlékè ti gbàgbé pátápátá.

Ìgbà náà ló rí ọwọ́ ara rẹ̀. Méjèèjì ṣì wà lókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣì di nǹkan mú sórí. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú àkísà Jeanne lórí àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀.