Kọ̀ǹpútà Flavienne

Nílé wa, òbí kì í jogún ọmọ. Lọ́jọ́ tí a sin Flavienne, àkọ́bí mi, àwọn ẹbí kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, títí kan síbí tó fi ń jẹun, wọ́n kó wọn jáde. Èmi arúgbó olóríkunkun ti jókòó lé kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo jókòó lé e ní ti gidi! Ìdí mi tóbi, ẹnikẹ́ni ò rí i lábẹ́ ìró.

Ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń pa ẹ̀kùrọ́, ó gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń fi mí ṣẹ̀sín, tí èmi náà ń bú u padà. Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó láyà láti tàn án. Kò ṣí mọ́.

Mo gbé e gun alùpùpù láti Pobẹ̀ lọ sí Sakétẹ́, lọ bá Fabrice, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń jí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ti kú dìde.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ó ti darúgbó. Windows, ètò tó ń darí ẹ̀, wúwo jù fún un."

"Bí èmi náà! Wá èyí tó fúyẹ́ fún àwa méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Linux kan wà tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ gbá inú ẹ̀ mọ́. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí n tọ́jú?"

Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní ti òkú ni, kò ní fọwọ́ kàn án. Mo dáhùn pé, "Rárá o. Ọjà Ita-Djèbou ni mo ti rà á." Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì alùpùpù ni, tí ìjókòó rẹ̀ kì í kúrò. Orí ewúrẹ́!

Nígbà tí mo padà lọ, kọ̀ǹpútà náà tàn wàá.

"Ohùn ọmọ mi dà?"

"Ọmọ wo, Ìyá àgbà?"

Mo wá jẹ́wọ́. Fabrice wá a títí ọ̀sán, kò rí nǹkan kan. Ó gbọ́wọ́ lérí.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ti òkú ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá síbí. Ohùn àti fọ́tò ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ."

Mo rín ẹ̀rín kan tó kan bí ògì ọjọ́ mẹ́wàá. Mo gbé e padà sí Pobẹ̀. Ó ń yára ju ti ìgbà ayé Flavienne lọ. Mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.