Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí Rí

Orin ni wọ́n fi ń rìn nínú yàrá dúdú náà. Ẹni tó bá wọlé tí kò kọrin, á forí gbá ẹlòmíì, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi jáde níṣẹ́. Fíìmù fọ́tò ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe nígbà náà, fíìmù kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ. Nítorí náà, inú òkùnkùn biribiri ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí wọn, kálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀, ẹnu ní pípadé, imú ló ń kọ ọ́. Ọmọge ni Mitsue Kuwabara nígbà tó wọ ibẹ̀. Inú òkùnkùn náà ló ti gba oyè, ibẹ̀ náà ló ti hu ewú. Bàbá Hatano, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ní orin kan tó ń dún bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ti Mitsue rọra ń lọ sókè, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú.

Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a ríran níbẹ̀. Á fi ìka méjì tẹ jẹ́látìnì, ohun yíyọ̀ tí wọ́n ń sè láti inú egungun màlúù, á sì mọ̀ bóyá ó jinná tàbí kò tíì jinná. Nígbà mìíràn, á dà bí ẹni pé yàrá náà kò ní ògiri, pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí orin àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣàn kọjá létí òun. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Mo mọ àwọn tó kọ́lé sórí òkè tí inú wọn kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, aráyé sì gbàgbé fíìmù bí ẹni gbàgbé agboòrùn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí òjò dá. Àwọn ọ̀gá àgbà jókòó, wọ́n rò ó. Wọ́n ní ohun tó ń mú fọ́tò ṣá lára ògiri, òun náà ló ń mú ojú ènìyàn hun jọ: oòrùn àti atẹ́gùn ni. Wọ́n ní jẹ́látìnì inú fíìmù, ìbátan ohun tó wà lábẹ́ awọ ara wa ni. Bí ilé-iṣẹ́ fíìmù ṣe di ilé-iṣẹ́ ìpara ojú nìyẹn. Omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́.

Nagase ni wọ́n fi ṣe olórí yàrá ìpara. Nagase yìí kan náà, Mitsue ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú òkùnkùn, kó tó sá lọ bá àwọn oníkọ̀ńpútà. Òun ló wá dúró níwájú Mitsue báyìí, tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa ṣe é. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì yín. Tí ẹ ò bá wá, wọ́n á ṣe ìdágbére fún yín o."

"Kí ni mo mọ̀ nípa ìpara? Èmi tí mi ò kun àtíkè rí."

"Ẹ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ná. Ẹ kàn wá po ìkòkò kan kí àwọn ọmọ yẹn rí i."

Mitsue kò fẹ́ lọ sílé. Iṣẹ́ ìwádìí ni gbogbo ohun tó ní láyé. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ọwọ́ òun lè má mọ nǹkan kan níbi tí iná bá ti ń tàn, kí ó wá di pé lọ́jọ́ ogbó, òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tí òun kọ́.

Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni yàrá ìpara wà, kò ní fèrèsé, ó funfun báláú. Àwọn ọmọ náà tò yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mitsue di ìkòkò mú. Kó tó ṣí ọmọrí, ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣe ohun tó ti ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀: ó nà sí ògiri, ó pa iná.

Ilẹ̀ ṣú bàmù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni Mitsue tó mọ ohun tí òun ṣe. Ojú tì í. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láìfara kan ẹnikẹ́ni, ó sì ń lọ tààrà síbi tó mọ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá dúdú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó ń tú ẹ̀rọ ibẹ̀ palẹ̀ ti so gílóòbù tó ń tàn kọ́ sókè, wọ́n sì ti lọ mu tíì. Bàbá Hatano, tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá wo yàrá náà kẹ́yìn, nìkan ló dúró láàárín, ó mú ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé lọ́wọ́, ó ti bù ú jẹ dé ìdajì.

"Ṣé ibi tí a wà látọjọ́ yìí nìyí?" Mitsue béèrè.

"Èmi náà ń bi ara mi. Wo ògiri. Ta ló kun ògiri òkùnkùn ní àwọ̀ ìyeyè? Ta ló fẹ́ kó rí i?"

Yàrá náà kéré. Odò tí Mitsue ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Lára ògiri, ilà méjì wà tí ọwọ́ tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn ti fà síbẹ̀ látọdúnmọ́dún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ díẹ̀. Mitsue fi ọwọ́ lé ti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá a mu gẹ́lẹ́, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà tí ẹkún náà rọ̀, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Hatano rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi bọ́. "O pa iná mọ́ wọn lójú?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀gá. Mo fẹ́ lọ sọ fún Nagase pé mò ń lọ sílé."

"Lọ sọ fún un. Àmọ́ lójúkojú ni o. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ débí, o fọ́ ìgò, o ní ò ń lọ sílé. Kí ni mo sọ fún ẹ?"

"Ẹ ní kí n kọrin."

"Ẹn-ẹ́n. Máa lọ."

Mitsue padà sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìpara, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn ṣì wà níbẹ̀, àní iná wínníwínní ara ẹ̀rọ pàápàá, ẹnì kan ti fi aṣọ bò wọ́n. Ó rò pé wọ́n ti lọ. Ó na ọwọ́ láti tan iná, ó sì gbọ́ orin kan, tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn létí. Ó mọ orin náà. Orin Nagase ni, kò dára nígbà yẹn, kò sì tíì dára. Òmíràn gbà á, òmíràn tún gbà á, àwọn orin tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n.

"Nagase?"

"A wà níbí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rọra, ẹnì kan wà lápá òsì yín."

"Kí lẹ̀ ń ṣe nínú òkùnkùn?"

Ohùn ọmọdébìnrin kan ló dáhùn lápá òsì. "Ẹ̀yin lẹ pa iná. A rò pé bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Nagase ní kí ẹnikẹ́ni má tàn án títí ẹ ó fi dé, ká máa kọrin kí ẹ má baà forí gbá wa."

"Ta ló rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mitsue wá ọ̀rọ̀ tó gbé wá, kò rí i lẹ́nu mọ́. Ó mú ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ orin tirẹ̀ tí kò lọ́rọ̀, ó sì ń rìn lọ síbi ìkòkò. Òkùnkùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní ògiri.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá," ó wí fún wọn. "Ìka méjì péré."